Ẹ ka àpò irúgbìn kí ẹ tó sanwó

Ẹ̀kọ́ òní dá lórí tòmátì wẹ́wẹ́, èyí tí kò tóbi ju orí àtàǹpàkò lọ. Àwọn Faransé ń pè é ní tomate cerise. Ìwọ̀n ẹyọ kan kì í sábà ju gíráàmù 20 lọ. Ó dùn ju tòmátì ọbẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń jẹ ẹ́ ní tútù bí èso.

Àwọn tí ń gbìn ín fún títà máa ń gbìn ín sínú ilé ọ̀rá. Igi tàbí irin ni wọ́n fi ń ṣe òpó rẹ̀, wọ́n á fi ọ̀rá bo òkè, wọ́n á sì fi àwọ̀n yí ẹ̀gbẹ́ ká. Ọ̀rá kò jẹ́ kí òjò máa rọ̀ sórí ewé, nítorí ewé tòmátì tí kì í gbẹ kì í pẹ́ ṣàárẹ̀. Àwọ̀n ń dí ọ̀nà mọ́ àwọn kòkòrò funfun kéékèèké tí ń gbé àrùn tí ń mú ewé ká kò láti igi kan dé òmíràn.

Ẹ jẹ́ kí a lọ ra irúgbìn. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ń tà á, ẹ gba àpò náà, ẹ kà á fúnra yín. Ẹ wá lẹ́tà kan àti nọ́ńbà kan: F1. Nígbà mìíràn, wọ́n á kọ Hybride tẹ̀ lé e. Ẹ wá ọdún tó wà lára rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí hóró tó ti pẹ́ lè má hù.

Kí ni F1? Òdòdó tòmátì ní akọ àti abo nínú ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí tòmátì àtijọ́ wa fi ń bí ọmọ tó jọ ọ́. Ṣùgbọ́n ti F1 yàtọ̀. Àwọn tí ń ṣe irúgbìn yan oríṣi méjì. Wọ́n fi ọwọ́ yọ akọ inú òdòdó ìyá kí ó tó là, wọ́n wá mú àtíkè òdòdó ti bàbá, wọ́n fi kàn án. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe sí òdòdó kọ̀ọ̀kan, ìdí sì nìyí tí hóró rẹ̀ fi gbówó lórí. Àwọn ọmọ tí a bí báyìí á dọ́gba, wọ́n á sì so dáadáa. Àwọn ọmọ-ọmọ ni kò ní dọ́gba mọ́.

Èmi tí mò ń kọ èyí ti jìyà rẹ̀ rí. Mo fọ hóró inú èso F1, mo sá a, mo sì gbìn ín. Ó hù dáadáa, inú mi sì dùn. Nígbà tí ó so, òmíràn tóbi, òmíràn kan, òmíràn ń là lórí igi. Ẹni tó ti ń rà á lọ́wọ́ mi wo agbọ̀n náà, ó ní òun kò rà. Oṣù mẹ́rin ṣòfò. Bí ẹ bá fẹ́ F1, ẹ mọ̀ pé owó irúgbìn kò ní tán ní ẹ̀ẹ̀kan: ẹ ó máa rà á ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ gbìn.

Nínú ilé ọ̀rá, atẹ́gùn kò pọ̀, kòkòrò òdòdó kò sì rí ọ̀nà wọlé. Ta ni yóò wá gbọn àtíkè òdòdó? Ẹ̀yin ni. Ní òwúrọ̀ tí ìrì ti gbẹ, ẹ rọra fi ọ̀pá kan okùn tó di igi mú, kí òdòdó gbọ̀n. (Láti nǹkan bí ọdún 1987, àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù àti Họ́láńdì ń fi oyin ńlá onírun ṣe iṣẹ́ yìí.) Bí òru bá móoru jù, òdòdó á já bọ́ láìso. Nítorí náà, ní Kétu àti Sábẹ̀, ìgbà ọyẹ́ ló dára kí òdòdó yọ, bí omi bá wà.

Bí igi kan bá rọ lójijì, tí ewé rẹ̀ kò tíì pọ́n, ẹ gé e nísàlẹ̀, ẹ ti ojú ibi tí ẹ gé bọ inú gíláàsì omi tó mọ́. Bí ohun funfun bíi wàrà bá ń ṣàn jáde, àrùn inú ilẹ̀ ni. Kò sí oògùn tí yóò wò ó sàn. Ẹ hú igi náà, ẹ gbé e jìnnà. Ẹ má gbin tòmátì, ata tàbí igbá sí ilẹ̀ yẹn mọ́. Ẹ fi ilẹ̀ tó mọ́ kún inú àpò, kí ẹ sì gbìn ín síbẹ̀.

Ẹ mú gègé. Ká ní hóró F1 kan jẹ́ 60 fránkì, ẹ sì ra 200.
200 × 60 = 12 000 fránkì.
170 ló hù. Mélòó ni kò hù? Èló ló bá a lọ?
Ká ní igi kọ̀ọ̀kan so kílò 3, ẹ sì ń ta kílò kan ní 500 fránkì. Èló ni gbogbo rẹ̀?
Ẹ yọ owó irúgbìn, ọ̀rá, àwọ̀n, okùn àti omi kúrò.

Ìyá tí ń ta ọbẹ̀ kò ní ra tòmátì wẹ́wẹ́ lọ́wọ́ yín ní iye yẹn. Ilé ìtura àti ilé ìtajà ńlá ní Kútọnu tàbí Pọ́tọ̀-Nófò ni ẹ ó lọ bá. Ẹ lọ bi wọ́n kí ẹ tó gbìn, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tí yóò rà á sí abẹ́ ìṣirò yín.

Ní kíláàsì tó ń bọ̀, kí olúkúlùkù mú àpò irúgbìn kan wá, ìbáà jẹ́ òfìfo, kí a jọ kà á.