Ìjà Kò Dọlà: Ẹ̀kọ́ Lórí Owó Tuntun Tó Wọ Inú Ìjà Ẹ̀ṣẹ́

 

Lẹ́yìn àsálátù ọjọ́ Àìkú kan ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú wa béèrè ọ̀rọ̀ kan tó mú kí gbogbo ilé dákẹ́. Ó ní: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa ń kìlọ̀ fún wa nípa ìjà ẹ̀ṣẹ́. Bí kò bá dára, kí ló dé tí ilẹ̀ tí Mẹ́kà àti Mẹ̀dínà wà fi ń náwó lé e lórí tó báyìí?” Kí a tó dáhùn, ẹnì kejì ti gbà á lẹ́nu rẹ̀: “Àwọn àgbà ní ìjà kò dọlà, orúkọ ló ń sọ ni. Ṣé Anthony Joshua, ọmọ Ṣàgámù, kò ti fi ìjà là ni?”

Ìbéèrè méjèèjì tó ohun tí à ń dáhùn, kò sì yẹ kí a fi ariwo pa wọ́n mọ́lẹ̀. A ó kọ́kọ́ wo bí owó ìjà ṣe ń rìn, a ó wo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ nítòsí wa rí, lẹ́yìn náà ni a ó wá fi ìmọ̀ ẹ̀sìn gbé e wò.

1. TA LÓ Ń SAN OWÓ ÌJÀ?

Láti ìgbà pípẹ́, ọ̀nà mẹ́ta ni owó ìjà ńlá máa ń gbà wọlé. Èkíní ni owó tíkẹ́ẹ̀tì àwọn tó wá wòran. Èkejì ni owó tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀kẹta ni owó tí ẹni tó fẹ́ kí ìjà náà wáyé lọ́dọ̀ òun máa ń san. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní owó ìgbàlejò. Ní Las Vegas ní Amẹ́ríkà, àwọn ilé tẹ́tẹ́ ló sábà máa ń san án, nítorí wọ́n mọ̀ pé ẹni tó bá wá wo ìjà ní alẹ́ yóò ta tẹ́tẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Aṣagbátẹrù ìjà a ṣírò, bí ó bá rí i pé èrè kò ní sí níbẹ̀, kò ní dá a láṣà.

Ohun tó yí padà ni pé orílẹ̀-èdè olówó ló ń san owó ìgbàlejò nísinsìnyí, kì í sì í ṣe èrè alẹ́ ọjọ́ kan ni wọ́n ń wá. Ní 2016, Sáúdí Arábíà gbé ètò kan jáde tí wọ́n pè ní Vision 2030, kí ọrọ̀ ajé wọn má baà gbára lé epo rọ̀bì nìkan mọ́. Ìgbafẹ́, eré ìdárayá àti ìrìn-àjò afẹ́ wà nínú ètò náà. Ní oṣù Kẹsàn-án 2018, Jeddah gba Callum Smith àti George Groves lálejò. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá 2019, Joshua gba bẹ́líìtì rẹ̀ padà lọ́wọ́ Andy Ruiz ní Diriyah, lẹ́bàá Riyadh, nínú pápá tí wọ́n dìídì kọ́ nítorí ìjà náà. Láti ìgbà náà títí di oṣù Kẹta 2024, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Joshua jà ní ilẹ̀ Sáúdí. Ẹ rántí pé Watford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n bí ọmọkùnrin yìí sí, ṣùgbọ́n Ṣàgámù ni orírun rẹ̀, ó sì lo ìgbà díẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ Mayflower ní Ìkẹ́nnẹ́, tí kò jìnnà sí wa níbí rárá.

2. KÍ NI OWÓ NÁÀ TI YÍ PADÀ?

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ẹ̀tọ́, kí a sọ èyí tó dára kí a tó sọ èyí tó kù. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn aṣagbátẹrù ńlá méjì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Eddie Hearn àti Frank Warren, kò fi gbọ́ra wọn yé. Olúkúlùkù ní àwọn akànṣẹ́ tirẹ̀, ó ṣòro kí ti ẹni kìíní tó bá ti ẹni kejì jà, àwọn òǹwòran ló sì ń pàdánù. Nígbà tí Turki Alalshikh, alága àjọ ìgbafẹ́ ilẹ̀ Sáúdí, ṣí àpò, àwọn méjèèjì jókòó pọ̀. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà 2024, akànṣẹ́ márùn-ún ti ẹni kìíní kojú márùn-ún ti ẹni kejì ní Riyadh. Ṣáájú ìyẹn, ní ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún 2024, Oleksandr Usyk borí Tyson Fury ní Riyadh, ó sì di ẹni tó kó gbogbo bẹ́líìtì àwọn tó wúwo jùlọ jọ. Láti ìgbà Lennox Lewis ní 1999 ni irú rẹ̀ kò ti ṣẹlẹ̀ mọ́. Owó parí ìjà tí ẹ̀bẹ̀ kò lè parí.

Owó náà tún ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn obìnrin. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ 2022, Ramla Ali, obìnrin Mùsùlùmí tí wọ́n bí sí Sòmálíà tó dàgbà sí Lọ́ńdọ̀nù, jà ní Jeddah nínú ìjà àwọn obìnrin akọṣẹ́mọṣẹ́ àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ náà, ó sì borí. Nítorí náà, ẹ̀yin arábìnrin, ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe ti àwọn ọkùnrin nìkan.

Ṣùgbọ́n ẹ wo apá kejì. Ní oṣù Kọkànlá 2024, Alalshikh ra ìwé ìròyìn The Ring. Láti 1922 ni ìwé yìí ti wà, òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń mọ akànṣẹ́ tó pegedé. Bí ẹni tó ń se àsè bá tún ni ẹnu tí yóò ròyìn bí ọbẹ̀ ṣe dùn, ta ni yóò sọ fún wa bí iyọ̀ bá pọ̀ jù?

Ọ̀rọ̀ òfin tún wà níbẹ̀. Ní 2000, Amẹ́ríkà ṣe òfin kan tí wọ́n fi sọrí Muhammad Ali. Òfin náà ní kí aṣagbátẹrù jẹ́ kí akànṣẹ́ mọ iye tí ìjà rẹ̀ mú wọlé, kí aṣagbátẹrù má sì tún jẹ́ alámòójútó akànṣẹ́ náà, kí ẹnì kan má baà wà ní apá olùtà àti apá olùrà lẹ́ẹ̀kan náà. Ní 2025, ilé-iṣẹ́ Sáúdí kan, Sela, àti ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan, TKO, pa owó pọ̀ láti dá ìdíje tuntun sílẹ̀. Ọdún náà ni wọ́n gbé àbá wá sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà pé kí ẹgbẹ́ kan ṣoṣo lè máa to akànṣẹ́ ní ipò, kí ó máa fún wọn ní bẹ́líìtì, kí ó sì tún máa gbé ìjà wọn kalẹ̀. Àwọn kan ní èyí yóò mú kí ètò gún. Àwọn mìíràn ní akànṣẹ́ yóò dà bí alágbàṣe tí kò mọ iye tí wọ́n ta irè oko. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò.

3. Ó TI ṢẸLẸ̀ NÍ ILÉ WA RÍ

Ẹ má rò pé Riyadh ni yóò kọ́kọ́ fi owó ìlú gbé ìjà wá sílé. Ìbàdàn ti ṣe é rí. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ 1963, ní pápá ìṣeré Liberty tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn kọ́, Dick Tiger, ọmọ Nàìjíríà, bá Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà jà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ìjà fún ipò àgbáyé wáyé ní ilẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú ní Áfíríkà. Lẹ́yìn abala keje, Fullmer kò lè jáde mọ́. Orílẹ̀-èdè wa kò tí ì pé ọdún mẹ́ta tó gba òmìnira, ó fẹ́ kí ayé mọ orúkọ òun, ayé sì mọ̀ ọ́n.

Kí ló wá kù lẹ́yìn alẹ́ ọjọ́ náà? Kò pé oṣù mẹ́rin tí bẹ́líìtì fi bọ́ lọ́wọ́ Tiger ní Atlantic City ní Amẹ́ríkà. Ó tún gba ipò àgbáyé lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n nígbà tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, iṣẹ́ ọdẹ ló ṣe ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní New York. Àìsàn jẹjẹrẹ mú un, ó padà wá sílé, ó sì kú sí Abá ní oṣù Kejìlá 1971, ní ẹni ọdún 42. Pápá wà ní Ìbàdàn títí di òní, orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ló ń jẹ́ báyìí.

Ẹ tún rántí Kinshasa. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹwàá 1974, Muhammad Ali gba ipò rẹ̀ padà lọ́wọ́ George Foreman. Ìjọba Mobutu ní Zaire ló dúró fún owó náà, mílíọ̀nù márùn-ún dọ́là fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ kíyè sí i pé nǹkan bí agogo mẹ́rin òwúrọ̀ ni ìjà náà bẹ̀rẹ̀, nítorí pé àsìkò àwọn tó ń wòran ní Amẹ́ríkà ni wọ́n tẹ̀lé. Onílé ló sanwó, àlejò ló yan àsìkò. Ní Riyadh náà ní 2024, ó ti kọjá agogo méjìlá òru kí Usyk àti Fury tó wọ agbo. Ayé kò gbàgbé Ali, wọn kò sì gbàgbé orúkọ Kinshasa. Ṣùgbọ́n ìjà ọjọ́ kan kò yọ àwọn ará Zaire nínú ìṣẹ́.

Níbo wá ni akànṣẹ́ ti ń jáde? Ẹgbẹ́ kékeré ní Finchley ní Lọ́ńdọ̀nù ni Joshua ti kọ́ iṣẹ́, kí ó tó gba wúrà Òlíńpíìkì ní 2012. Bukom, àdúgbò àwọn apẹja ní Àkrà, ló bí Azumah Nelson. Owó ńlá a máa ra alẹ́ ọjọ́ ìjà. Ibi tí ọmọ ti ń kọ́ iṣẹ́ láràárọ̀ ni akànṣẹ́ ti ń jáde.

4. ÌṢE ÌLÚ KÌ Í ṢE Ẹ̀RÍ Ẹ̀SÌN

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìbéèrè arákùnrin wa. Ní oṣù Kẹwàá 1987, tí í ṣe oṣù Safar 1408, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ òfin Ìsìláàmù lábẹ́ Rábítà, ẹgbẹ́ Mùsùlùmí àgbáyé, ṣe ìjókòó kẹwàá wọn ní Mẹ́kà. Wọ́n gbé ìjà ẹ̀ṣẹ́ yẹ̀wò bí wọ́n ṣe ń jà á lóde òní, wọ́n sì ní kò tọ́ nínú Ìsìláàmù. Ìdí wọn ni pé ìjà náà dá lórí kí ẹnì kan máa ṣe ẹnì kejì léṣe, èyí tó lè fọ́ ojú, tó lè ba ọpọlọ jẹ́, tó tilẹ̀ lè pa ènìyàn, tí ẹni tó lù ú kò sì ní jẹ́bi. Ó bá ohun tí ó wá nínú hádíìsì tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ mu, pé Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ̀ kí a máa lu ojú. Ó sì bá ìkìlọ̀ Àlùkùránì mu, nínú Suuratul-Baqarah, aaya 195, pé kí a má fi ọwọ́ ara wa fa ìparun.

Ẹ̀yin náà rí i: ilẹ̀ kan náà, ohùn méjì. Àwọn onímọ̀ ló sọ ti Mẹ́kà, àjọ ìgbafẹ́ ló ń ṣe ti Riyadh. Ìṣirò ọrọ̀ ajé ni ìkejì, wọn kò gbé e kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí fátúwà. Ẹ wo Ojúde Ọba tiwa. Ìdúpẹ́ àwọn Mùsùlùmí lọ́dọ̀ Awùjalẹ̀ lẹ́yìn Iléyá ló bí i. Bí ilé-iṣẹ́ ọtí bá wá gbé àsíá rẹ̀ kọ́ síbẹ̀ lónìí, ṣé ẹnì kan nínú yín yóò sọ pé ọtí ti di halaali nítorí pé ọjọ́ Iléyá ni ayẹyẹ náà tẹ̀lé? Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ yìí rí. Kí a má bú ilẹ̀ Sáúdí, kí a má sì bú akànṣẹ́ Mùsùlùmí kankan, nítorí Ọlọ́hun nìkan ló mọ ohun tó wà nínú ọkàn. Ṣùgbọ́n kí a má fi owó orílẹ̀-èdè ṣe ẹ̀rí ẹ̀sìn.

Ìsìláàmù kò kọ agbára. Ìtàn wà pé Ànábì bá Rukaanah jìjàkadì, ó sì dá a. Ẹ sáré, ẹ lúwẹ̀ẹ́, ẹ kọ́ ìjàkadì, ẹ lo àpò ẹ̀ṣẹ́ láti fi mú ara le. Ẹ sì sá fún tẹ́tẹ́ tí wọ́n ń ta lórí ìjà, nítorí ìyẹn kò ní àríyànjiyàn rárá.

5. ǸJẸ́ ÌJÀ TI Ń DỌLÀ?

Ẹni tó bá wo Joshua nìkan yóò ní bẹ́ẹ̀ ni. Kí ó wá wo ẹnì kejì. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta 2025, akànṣẹ́ ọmọ Nàìjíríà kan ṣubú ní abala kẹta ìjà rẹ̀ ní Bukom ní Àkrà, wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, ó sì kú. Ẹni bí ogójì ọdún ni. Kò sí ọba, kò sí mílíọ̀nù dọ́là níbẹ̀. Fún ẹnì kan tó ń jà lábẹ́ iná Riyadh, ọ̀pọ̀ ló ń gba ẹ̀ṣẹ́ sí orí ní gbọ̀ngàn tí kò sí kámẹ́rà, tí owó rẹ̀ kò tó wo ọgbẹ́.

Nítorí náà òwe àwọn àgbà kò tí ì kú. Ìjà ń dọlà fún ìwọ̀nba díẹ̀, ó ń sọ orílẹ̀-èdè olówó lórúkọ, ẹ̀ṣẹ́ sì wà lórí ẹni tó gbà á. Bí ẹnikẹ́ni bá fi owó ńlá pè yín sí iṣẹ́ kan, ìbáà ṣe ìjà, bọ́ọ̀lù tàbí ìrìn-àjò sókè òkun, ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta: Ta ló ń sanwó, kí ló sì ń wá? Ara ta ni yóò jìyà rẹ̀? Kí ni yóò kù nígbà tí olówó bá pa àpò rẹ̀ dé? Ẹ ka ìwé àdéhùn kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ àgbà tó mọ òfin, ẹ sì gba ìyọ̀ǹda àwọn òbí yín.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Ọ̀nà mẹ́ta wo ni owó ìjà ń gbà wọlé, èwo ló sì yí padà?
2. Kí ni Ìbàdàn rí gbà ní 1963, kí ni kò rí gbà?
3. Kí ló dé tí ìpinnu Mẹ́kà ní 1987 fi yàtọ̀ sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Riyadh?
4. Eré ìdárayá wo ni ẹ̀ka yín lè dá sílẹ̀ tí kò ní ṣe ara léṣe?

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ọrọ̀ tí kò ní ìpalára nínú, kí ó sì ṣọ́ orí àti ara wa. Aamiin. Ó di oṣù tó ń bọ̀, bí Ọlọ́hun bá fẹ́.