Àròkọ Aṣàlàyé: Bí A Ṣe Ń Dá Ẹ́ńjìnnì àti Gíá Padà Sínú Land Rover Àtijọ́

Àkíyèsí: Nínú irú àròkọ yìí, ìtòtẹ̀lé ṣe pàtàkì. Má ṣe sọ ti ìparí ṣáájú ti ìbẹ̀rẹ̀. Sì máa sọ ìdí tí a fi ń ṣe ohun kọ̀ọ̀kan.

Àpẹẹrẹ:

Láàárín 1971 sí 1985 ni wọ́n ṣe Land Rover Series III, ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè jùmọ̀ wọ́ ọ jáde nínú ẹrẹ̀. Gíá kékeré kan tí ó ń pín agbára fún ẹsẹ̀ iwájú àti ti ẹ̀yìn wà lẹ́yìn gíá ńlá rẹ̀.

Lákọ̀ọ́kọ́, a ó tú bọ́nẹ́ẹ̀tì àti rédíétọ̀ kúrò, kí iwájú ọkọ̀ lè ṣí sílẹ̀. Ilẹ̀ ni a ó ti so ẹ́ńjìnnì mọ́ gíá. Níhìn-ín ni iṣẹ́ gbé wà. Àwo kílọ́ọ̀ṣì gbọ́dọ̀ wà ní àárín gbùngbùn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀pá gíá kò ní wọlé. Bí wọn kò bá fẹnu ko ẹnu, a kò gbọdọ̀ fi bóòtù fà wọ́n pọ̀: àwo lè bàjẹ́, ilé gíá sì lè sán. Kí a rọra yí ẹ́ńjìnnì díẹ̀díẹ̀ títí ọ̀pá yóò fi bọ́ sí ihò rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, a ó fi ṣéènì gbé wọn sókè. Ìdí gíá ni yóò kọ́kọ́ wọ inú ọkọ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wà lábẹ́ wọn. Bí wọ́n bá ti jókòó, a ó de bóòtù wọn, a ó so ọ̀pá tí ń lọ sí ẹsẹ̀ iwájú àti ti ẹ̀yìn, a ó so wáyà àti páìpù, a ó sì dá rédíétọ̀ padà. Ọ́ìlì àti omi ni yóò kẹ́yìn, kí a tó ṣíná sí i.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mẹkáníìkì tí ó bá kánjú ni yóò tún un tú.