Èwo ló dùn jù nínú àwọn ìtàn àkọ́kọ́ Doctor Who?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá fẹ́ to àwọn ìtàn eré tẹlifíṣọ̀n Doctor Who ìgbà tí William Hartnell ń ṣe Dókítà, èwo ni yóò ṣáájú?

Ìdáhùn: The Aztecs (1964) ni mo fi ṣe ìkíní. Àwọn Aztec rò pé Yetaxa, àlùfáà àgbà wọn àtijọ́, ló tún ayé wá gẹ́gẹ́ bíi Barbara, tíṣà ìtàn. Òun náà sì fẹ́ fi ipò yẹn fòpin sí fífi ènìyàn rúbọ. Dókítà kìlọ̀ fún un pé ìtàn kò ṣeé yí padà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló sì rí. Kò sí ẹ̀dá abàmì kankan níbẹ̀, síbẹ̀ ọkàn ẹni kò ní balẹ̀.

Ìkejì ni The Daleks, tí Terry Nation kọ. Ní ìparí apá kìíní, Barbara fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń lọgun. Apá irin kan ṣoṣo la rí tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. A ò rí ẹni tó ni ín. Ẹ̀rù ibẹ̀ ju ti ìjà lọ. Àmọ́ apá méje ti pọ̀ jù.

The Dalek Invasion of Earth ṣe ìkẹta, nítorí bí Dókítà ṣe ti ilẹ̀kùn mọ́ Susan, ọmọ-ọmọ rẹ̀, síta, kó lè dúró ti ẹni tó fẹ́ràn.

Mi ò ka Marco Polo mọ́ wọn: àwòrán apá méjèèje ti sọnù, ohùn ló ṣẹ́ kù.

Bí ẹ bá jẹ́ àkọ́wò, ẹ fi apá kìíní An Unearthly Child (1963) ṣíde, kí ẹ tó bọ́ sí The Aztecs.