Pípààrọ̀ Owó ní Bodè Sẹ̀mẹ̀: Ohun Tó Yẹ Kí Akẹ́kọ̀ọ́ Mọ̀

Ẹni tó bá gbéra ní Alajue, Ẹdẹ, tó gba Ìbàdàn dé Èkó, tó sì gba Àgbádárìgì kọjá, bodè Sẹ̀mẹ̀ ni yóò bá ara rẹ̀. Orílẹ̀-èdè Benin ló wà ní òdìkejì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ ṣe ìwádìí ní Àjàṣẹ́, Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́ yóò rí ẹni bá sọ Yorùbá, ṣùgbọ́n sẹ́fà ni wọ́n ń ná níbẹ̀. Bí ẹ kò bá mọ bí a ṣe ń pààrọ̀ owó, owó ìwádìí lè dín kù kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

1. Ẹ mọ owó tí ẹ fẹ́ gbà
Sẹ́fà méjì ló wà. Báńkì BCEAO ló ń gbé èyí tí orílẹ̀-èdè 8 ń ná jáde. Benin, Tógò, Niger àti Senegal wà lára wọn. Báńkì BEAC ló ń gbé ti Cameroon, Gabon àti àwọn aládùúgbò wọn jáde. Iye kan náà ni méjèèjì: láti 1999, sẹ́fà 655.957 ni yúrò 1. Síbẹ̀, ọlọ́jà Kútọnu kò ní gba ti Cameroon lọ́wọ́ yín. Ẹ wo orúkọ báńkì lára owó náà dáadáa.

2. Ẹ ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó mówó jáde
Ẹ bèèrè iye méjì: iye tí wọ́n ń ta sẹ́fà àti iye tí wọ́n ń rà á. Ká ní wọ́n ń ta 1,000 sẹ́fà ní ₦2,500, tí wọ́n sì ń rà á ní ₦2,400. ₦100,000 yóò di 40,000 sẹ́fà. Bí ẹ kò bá ná kọ́bọ̀, tí ẹ tà á padà, ₦96,000 ni ẹ óò gbà. ₦4,000 ti lọ láìra nǹkan kan. Nítorí náà, ìwọ̀n tí ẹ máa ná ni kí ẹ pààrọ̀.

3. Ẹ ṣọ́ owó yín
Ẹ lọ sí báńkì tàbí ṣọ́ọ̀bù tó níwèé àṣẹ. Ẹ má ṣe é lójú títì tàbí nínú mọ́tò. Ẹ ya owó ọkọ̀ sọ́tọ̀ kí ẹ má baà tú gbogbo owó yín síta. Ẹ ka sẹ́fà tán kí ẹ tó fi náírà sílẹ̀. Àwọn kan máa ń ṣẹ́ owó po kí ẹyọ kan lè dà bí méjì, nítorí náà ẹ tú u kà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹni náà bá tún gbà á lọ́wọ́ yín pé òun fẹ́ kà á, ẹ tún un kà nígbà tó bá dá a padà. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Ìdánrawò
Ẹ pààrọ̀ ₦150,000 ní iye òkè yìí, ẹ ná 45,000 sẹ́fà, ẹ sì ta ìyókù. Èló ni ẹ óò gbà?
Ìdáhùn: ₦36,000.