ÈÉFÍN SÌGÁ ÀTI ỌMỌ INÚ: Ẹ̀KỌ́ FÚN ỌKỌ ÀTI AYA

Bismillahir Rahmanir Raheem.

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run Allah, Ọba tí ó ń dá ọmọ sínú ìyá rẹ̀ láti ipò kan bọ́ sí òmíràn. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí jíjáwọ́ nínú sìgá nígbà oyún. Ẹlòmíràn lè wí pé, "Kí ló kàn wá níbẹ̀? Àwọn obìnrin wa ní Ìjẹ̀bú kì í mu sìgá." Òótọ́ ni pé àwọn tí ń mu ún kò pọ̀. Ìwádìí tí ìjọba ṣe lórí tábà ní Nàìjíríà ní ọdún 2012 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún àgbà ọkùnrin, bíi 7 ni ó ń mu sìgá. Nínú ẹgbẹ̀rún obìnrin, bíi 4 péré. Ṣùgbọ́n inú iye yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ọkọ ni ó ń mu ún, yàrá kan náà sì ni òun àti aya rẹ̀ jọ ń sùn. Àwọn àgbà wí pé ẹni tí ó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà. Bẹ́ẹ̀ ni èéfín sìgá rí.

KÍ NI ÈÉFÍN Ń ṢE FÚN ỌMỌ INÚ?

Ọmọ inú kì í fi imú ara rẹ̀ mí. Ẹ̀jẹ̀ ìyá ni ó ń gbé afẹ́fẹ́ àti oúnjẹ dé ibi ọmọ, tí ìwọ́ fi ń gbà á wọlé fún un. Bí nǹkan bá ba ohun tí ẹ̀jẹ̀ ìyá ń gbé jẹ́, kò sí ibòmíràn tí ọmọ náà lè yà sí.

Gáàsì olóró kan wà nínú èéfín sìgá tí à ń pè ní carbon monoxide. Òun kan náà ni ó ń jáde láti inú jẹnẹrétọ̀, tí ó máa ń pa àwọn tí ó bá gbé e sínú ilé sùn. Ó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ní ìlọ́po tí ó lé ní 200 ju bí afẹ́fẹ́ rere ti ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ, ó sì ń gba ààyè afẹ́fẹ́ náà. Èkejì ni nicotine, tí ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ sún kì, tí ẹ̀jẹ̀ tí ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ yóò fi dín kù.

Ohun tí ó ń tìdí rẹ̀ yọ fún ìyá tí ó ń mu sìgá ni pé oyún lè wálẹ̀, oṣù ọmọ lè má pé kí a tó bí i, ibi ọmọ lè já kúrò ní àyè rẹ̀ kí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tó pé, tàbí kí a bí òkú ọmọ. Ọmọ tí ó bá sì yè lè kéré jọjọ. Àwọn kan ń sọ pé bí ọmọ bá kéré, ìbí á rọrùn. Ẹ má gbà wọ́n gbọ́. Ọmọ tí ó kéré jù ń jìyà kí ó tó lè mí dáadáa, kí ó tó lè mu ọyàn, kí ara rẹ̀ tó lè móoru.

Aboyún tí kò mu sìgá, ṣùgbọ́n tí ó ń fa èéfín ẹlòmíràn símú, ewu tirẹ̀ kò tó ti ẹni tí ń mu ún, ṣùgbọ́n ewu ń bẹ. Ọmọ rẹ̀ náà lè kéré, ó sì lè bí òkú ọmọ. Olórí àwọn dókítà ìjọba Amẹ́ríkà kéde ní 2006 pé kò sí ìwọ̀n èéfín sìgá ẹlòmíràn tí kò léwu, bó ti wù kí ó kéré tó. Ṣíṣí fèrèsé tàbí títan fáànù kò lè kó o tán.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń fín áásáà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín pẹ̀lú. Áásáà kò ní èéfín, ṣùgbọ́n tábà ni, nicotine inú rẹ̀ sì ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ inú.

KÍ NI Ẹ̀SÌN WA WÍ?

Tábà kò tíì dé ilẹ̀ Lárúbáwá ní ayé Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a). Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti wá, lẹ́yìn tí àwọn òyìnbó débẹ̀ ní 1492. Nítorí náà ni àwọn ààfáà àtijọ́ fi jiyàn lórí rẹ̀: àwọn kan pè é ní makrúù, àwọn kan pè é ní haràámù. Nígbà náà, ìpalára rẹ̀ kò tíì hàn sí aráyé bí ó ti hàn lónìí.

Al-Kùránì Alápọ̀n-ọ́nlé, Súúrà 2, ẹsẹ 195, kọ̀ fún wa láti fi ọwọ́ ara wa fa ìparun. Súúrà 31, ẹsẹ 14, rán wa létí àárẹ̀ lórí àárẹ̀ tí ìyá ń fi gbé oyún. Hàdíìsì sì kọ́ wa pé a kò gbọ́dọ̀ ni ẹnìkejì wa lára, àti pé olúkúlùkù wa ni olùṣọ́ tí a ó bi léèrè nípa àwọn tí ó wà níkàáwọ́ rẹ̀.

Ẹ tún wo èyí. Ààwẹ̀ Ramadan jẹ́ ọ̀ranyàn. Síbẹ̀, aboyún tí ó bá ń bẹ̀rù fún ara rẹ̀ tàbí fún ọmọ inú rẹ̀ ní àyè láti ṣíwọ́ ààwẹ̀. Bí Ọlọ́run bá tìtorí ọmọ inú dá ìyá sí lórí ọ̀ranyàn, àwáwí wo ni ọkọ yóò ní tí kò lè tìtorí ọmọ kan náà fi ohun tí kì í ṣe ọ̀ranyàn, tí kì í ṣe sùná, tí kì í sì í ṣe oúnjẹ sílẹ̀?

ỌKỌ NI KÍ Ó KỌ́KỌ́ JÁWỌ́

Ó ṣòro fún aya ní ilẹ̀ wa láti sọ fún ọkọ pé kí ó gbé sìgá rẹ̀ jáde. Púpọ̀ nínú wọn ń fi ìbòrí bo imú, wọ́n sì dákẹ́. Arákùnrin, má ṣe dúró kí ó tó bẹ̀ ọ́. Ọjọ́ tí o bá gbọ́ pé oyún ti dé ni kí o ṣe ìpinnu. Bí o kò bá tíì lè jáwọ́ pátápátá, má ṣe mu ún nínú ilé tàbí nínú mọ́tò rárá.

Arábìnrin, bí ọkọ rẹ bá gbàgbé, fi pẹ̀lẹ́tù bá a sọ ọ́ nígbà tí ẹ bá wà ní ẹ̀yin méjì: "Olówó orí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú ọmọ yín tí ó wà nínú mi." Bí kò bá gbọ́, ìyá ọkọ tàbí ààfáà yín lè bá a sọ ọ́.

Níbi ìnáwó pẹ̀lú, àti nígbà Ojúde Ọba lẹ́yìn Iléyá tí èrò máa ń kún Ìjẹ̀bú-Òde, kí aboyún yẹra fún abẹ́ àtíbàbà tí wọ́n ti ń mu sìgá. Kì í ṣe ìgbéraga.

BÍ OBÌNRIN FÚNRA RẸ̀ BÁ Ń MU ÚN

Ẹ má ṣe pẹ̀gàn rẹ̀. Ìtìjú ni ó ń mú kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún nọ́ọ̀sì, tí kò fi rí ìrànlọ́wọ́. Kí ó lọ sí ibi ìtọ́jú aboyún, bíi ti ọsibítù ìjọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, kí ó sì sọ òótọ́. Kí ó má ṣe ra oògùn ìjáwọ́ sìgá lò láìjẹ́ pé dókítà fún un. Kí ó má sì fi sìgá oníbátìrì tàbí ṣíṣà rọ́pò sìgá. Omi inú ṣíṣà kò mú oró èéfín rẹ̀ kúrò.

Kò sí ìgbà tí ó pẹ́ jù láti jáwọ́. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì, gáàsì olóró náà yóò ti kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Ọsirélíà àti New Zealand, tí ó jáde ní 2009, fi hàn pé àwọn ìyá tí ó jáwọ́ kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 15, ewu bíbí ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé tàbí ọmọ kékeré kò ju ti àwọn tí kì í mu sìgá lọ.

ỌNÀ TÍ A LÈ GBÀ JÁWỌ́

1. Mú ọjọ́ kan, ṣe àníyàn rẹ̀ nítorí Ọlọ́run, kí o sì sọ fún ará ilé rẹ. Kó sìgá, ìṣáná àti àwo eérú dànù.

2. Má ṣe máa ra ẹyọ kan, ẹyọ kan. Òfin tábà Nàìjíríà ti 2015 pàápàá kọ títa sìgá ní ẹyọ.

3. Bí ọkàn rẹ bá ń fà sí i, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni yóò fi ṣe ọ́. Mu omi, ṣe àlùwàlá, kí rakah méjì, tàbí kí o fi orín sẹ́nu. Sùná ni rírin orín.

4. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ sí ọ̀sẹ̀ kan ni ó máa ń le jù. Inú lè máa bí ọ. Kí aya fi sùúrù bá ọkọ, kí ọkọ fi sùúrù bá aya.

5. Bí o bá ṣubú, tún bẹ̀rẹ̀. Rántí pé nínú Ramadan o ń fi wákàtí 13 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣe é láìfẹnu kan sìgá. Agbára náà wà lára rẹ.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ÌPÀDÉ

1. Báwo ni èéfín tí ọkọ fà ṣe ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ inú?

2. Kí ni àyè tí aboyún ní láti ṣíwọ́ ààwẹ̀ kọ́ wa nípa ẹ̀tọ́ ọmọ inú?

3. Kí ni ẹ̀ka wa lè ṣe kí ìnáwó wa má baà ní èéfín sìgá mọ́?

Kí Ọlọ́run Allah sọ ọlẹ̀ inú àwọn aboyún wa di ọmọ ayọ̀, kí Ó sì fún àwọn tí ń tiraka láti jáwọ́ ní agbára. Àmín.