Nígbà Tí Ọmọ Bá Ní Ó Rẹ Òun

ẸKỌ́ FÚN ÀWỌN ÒBÍ ÀTI ÀWỌN Ọ̀DỌ́
Ibi kíkà: Mátíù 26:36–46, 1 Àwọn Ọba 19:1–8

Ẹ̀kọ́ tó wà níwájú wa yìí kò gùn, ṣùgbọ́n ó wúwo. Mo ń kọ ọ́ nítorí pé mo ṣe àṣìṣe kan nínú ìjọ wa níbí ní Parakou, n kò sì fẹ́ kí ẹlòmíràn tún un ṣe.

Ọmọkùnrin kan wà láàárín wa, ọmọ ọdún 16, tó ń lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Òun ló ń lu ìlù fún ẹgbẹ́ akọrin. Nígbà tó yá, mo rí i pé kò sún mọ́ ìdí ìlù mọ́. Ẹ̀yìn pátápátá ló ń jókòó sí. Ìyá rẹ̀ ní kì í jẹun dáadáa, pé bó bá ti ilé ìwé dé, yóò kàn dùbúlẹ̀ kọjú sí ògiri ni. Àwa ní ọ̀lẹ ni. Àwọn kan ní ó ti ń kó ẹgbẹ́kẹ́gbẹ́.

Ní Ọjọ́rú kan, lẹ́yìn ìsìn, ó dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Bàbá, ó rẹ̀ mí. Kò sí ohun tó wù mí ṣe mọ́." Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ìwọ ọmọ kékeré yìí? Nígbà tí mo wà bíi tìrẹ, ẹrù ni mò ń rù ní ìdíkọ̀ ọkọ̀ ojú irin. Lọ gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta." Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, bàbá." Kò tún bá mi sọ ọ́ mọ́.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ìyá rẹ̀ wá kan ilẹ̀kùn mi lóru, láìwọ bàtà, ìwé ilé ìwé ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ ti kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére sínú rẹ̀. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé ìyá tètè rí i. A kò fi í sílẹ̀ lóun nìkan títí ilẹ̀ fi mọ́, a sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn.

Mo rò pé dókítà yóò béèrè ẹni tó ń bá ọmọ náà jà. Kò béèrè bẹ́ẹ̀. Ó ní: Láti ìgbà wo? Ṣé o ń rí oorun sùn? Ṣé ó ti wá sọ́kàn rẹ pé kí o pa ara rẹ? Mo fẹ́ dá a lẹ́kun, mo rò pé ó ń kọ́ ọmọ ní ohun tí kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ náà dáhùn gbogbo rẹ̀, omi ń dà lójú rẹ̀. Dókítà wá ṣàlàyé fún mi pé bíbéèrè kì í fi èrò ikú sí ọmọ lọ́kàn. Ẹrù tó ti wà níbẹ̀ ló ń bá a sọ̀ kalẹ̀. Ojú tì mí. Ìbéèrè tí ọmọ náà ti ń dúró dè láti oṣù méjì nìyí, èmi àgbà ìjọ ni kò bi í.

OHUN TÍ ÀÌSÀN NÁÀ JẸ́

Ìsoríkọ́ ni. Gbogbo wa la máa ń banú jẹ́, tó bá sì yá, a ó gbàgbé. Ìsoríkọ́ yàtọ̀. Bó bá ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí inú ọmọ ń bàjẹ́ lójoojúmọ́, tí ohun tó ń dùn mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ kò dùn mọ́ ọn mọ́, tí kò rí oorun sùn tàbí tó ń sùn jù, tí kò lè kàwé, tó ń sọ pé òun kò wúlò, ẹ fura. Lára ọ̀dọ́, ó lè jọ ìbínú lásán, tàbí orí fífọ́ àti inú rírun.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú ọmọ méje tó wà láàárín ọdún 10 sí 19, ọ̀kan ní irú àìsàn ọkàn kan tàbí òmíràn. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 2017, ìsoríkọ́ ni wọ́n fi ṣe Ọjọ́ Ìlera Àgbáyé, wọ́n sì rọ gbogbo ayé pé ká máa sọ ọ́ jáde.

OLÚWA PÀÁPÀÁ SỌ TINÚ RẸ̀

Ẹ wo ọgbà Gẹtisémánì. Olúwa wa kò fi ìbànújẹ́ rẹ̀ pamọ́. Kí ó tó dojú bolẹ̀ níwájú Baba, ó kọ́kọ́ sọ fún Pétérù àti àwọn ọmọ Sébédè méjèèjì bí ọkàn òun ṣe wúwo tó, ó sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wà lójúfò pẹ̀lú òun. Bó bá jẹ́ àìnígbàgbọ́ ni láti sọ pé inú ẹni bàjẹ́, Jésù kì bá tí sọ ọ́. Ta ló wá ṣe àṣìṣe lóru ọjọ́ náà? Àwọn tó sùn ni.

Ẹ̀yin ará, àwa tí a ń ṣe ìṣọ́ òru di ìdájí, tí a ń tan àbẹ́là, ṣé a kò ti sùn nígbà tí ọmọ wa ń pè wá? Èmi sùn.

Ẹ wo Èlíjà náà. Wòlíì tí iná ti ọ̀run bọ́ nítorí àdúrà rẹ̀ ni, síbẹ̀ ó jókòó sábẹ́ igi nínú aginjù, ó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Áńgẹ́lì kò bá a wí. Ó fún un ní oúnjẹ àti omi, ó jẹ́ kó tún sùn, ó tún fún un ní oúnjẹ. Èmi ní tèmi, ààwẹ̀ ni mo fún ọmọ tí kò jẹun.

Ní ayé tiwa yìí náà, Grégoire Ahongbonon, ọmọ ilẹ̀ Benin wa, lọ sí Côte d'Ivoire ní ọdún 1971, ó ń ṣe iṣẹ́ táyà. Ó rí ṣe, ó ní ọkọ̀ takisí, gbogbo rẹ̀ sì bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ débi pé ó ń ronú láti pa ara rẹ̀. Àlùfáà kan ló gbà á móra. Lẹ́yìn náà, òun ló dá ẹgbẹ́ Saint-Camille sílẹ̀ ní Bouaké, tó ń tú àwọn alárùn ọpọlọ kúrò nínú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀, tó sì ń tọ́jú wọn, títí dé ilẹ̀ wa níbí. Ẹni tí wọ́n gbọ́ tirẹ̀ ló wá ń gbọ́ ti ẹlòmíràn.

FÚN ÀWỌN Ọ̀DỌ́

Ọmọ mi, bí o bá wà nínú irú òkùnkùn yìí, má ṣe dá a gbé. Wá ẹnì kan tí o fọkàn tán: ìyá rẹ, bàbá rẹ, ẹ̀gbọ́n, tàbí olùkọ́. Ọ̀rọ̀ náà kò ní láti gún régé. Sọ pé, "Inú mi kò dùn, ó ti pẹ́, ẹ ràn mí lọ́wọ́." Bí ojú bá ń tì ọ́, kọ ọ́ sínú ìwé, kí o fi lé e lọ́wọ́. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá fi ọ́ rẹ́rìn-ín bí mo ti ṣe, má dákẹ́. Lọ bá ẹlòmíràn. Bó bá di pé ikú ń wá sọ́kàn rẹ, má dúró di ọ̀la. Jí ẹnì kan lóru ọjọ́ náà.

FÚN ÀWA ÀGBÀ

1. Ẹ jókòó, ẹ gbọ́ ọ tán. Ẹ má fi ìgbà èwe yín wé tirẹ̀.
2. Ẹ má sáré sọ pé àjẹ́ ni tàbí ọ̀tá ni. Ẹ má sì so ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀.
3. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́rìí nínú ìjọ. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ ikú bá wà níbẹ̀, ẹ sọ fún àwọn òbí rẹ̀, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, kí ẹ sì kó ohun tó lè fi ṣe ara rẹ̀ léṣe kúrò nítòsí.
4. Ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Ní Parakou níbí, ilé ìwòsàn ńlá ti Borgou ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń tọ́jú irú àìsàn yìí. Àdúrà àti ìtọ́jú dókítà kì í bára wọn jà. Bí wọ́n bá fún un ní oògùn, ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó ṣiṣẹ́. Ẹ má jẹ́ kó dá a dúró láìbi dókítà.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọmọ ni yóò sọ ọ́. Àwa ni yóò wà lójúfò.

Ọmọ náà wà láàyè. Kò yá lọ́jọ́ kan. Ó tó oṣù mélòó kan kó tó tún fọwọ́ kan ìlù. Mo lọ bá a nílé wọn, mo bẹ̀ ẹ́, èmi àgbà. Ó ní, "Bàbá, ẹ kò mọ̀ ni." Òótọ́ ni, n kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ka ẹ̀kọ́ yìí ti mọ̀.

ÌBÉÈRÈ
1. Kí ni Jésù bẹ̀ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ fún nínú ọgbà?
2. Kí ni áńgẹ́lì kọ́kọ́ fún Èlíjà?
3. Ọmọ wo nínú ilé rẹ ni o kò tíì bi léèrè bí ọkàn rẹ̀ ti rí?

Kí Olúwa má jẹ́ kí a sùn nígbà tí ọmọ wa bá ń pè wá. Àmín.