Ìdí Tí Ata Fi Ń Ta: Àkọsílẹ̀ Ẹ̀kọ́ Lórí Ọpọlọ àti Ìmọ̀lára

Iṣẹ́: Bàọ́lọ́jì
Kíláàsì: SS 2
Àkókò: Ìṣẹ́jú 40
Ohun èlò: ata wẹ́wẹ́ kan (wíwò nìkan, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án kó tún fi nu ojú), rúlà, igi ìtayín méjì

Ìbẹ̀rẹ̀

Ẹ bi kíláàsì bí ọsàn ṣe ń rí lẹ́nu. Wọn á ní ó dùn, tàbí ó kan. Ewúro ńkọ́? Ó korò. Ata ńkọ́? Gbogbo wọn á ní ó ń ta. Àkekèé náà ń ta, oyin ń ta. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rò ó wò: kí ló dé tí èdè wa fi kó ata pọ̀ mọ́ àkekèé, tí kò kó o mọ́ ọsàn?

Ohun tó ń dé ọdọ̀ ọpọlọ

Ọpọlọ wà nínú òkùnkùn agbárí. Kò rí ọsàn rí, kò sì rí ata. Inú awọ, ahọ́n, ojú àti etí ni àwọn agbàròyìn wà, kálukú pẹ̀lú iṣẹ́ tirẹ̀: òmíràn ń mọ ìtẹ̀mọ́lẹ̀, òmíràn òtútù, òmíràn ooru. Ìròyìn yòówù kí wọ́n gbà, iná mànàmáná tíntín ni wọ́n ń sọ ọ́ dà. Ọ̀nà tí iná náà gbà wọlé ni ọpọlọ fi ń mọ ohun tí yóò pè é.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ di ojú, kó rọra fi ìka tẹ ìpéǹpéjú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Yóò rí ìmọ́lẹ̀ fírífírí. Ìka ló tẹ̀ ẹ́, àmọ́ iṣan ojú ló gbé ìròyìn lọ, ni ọpọlọ bá ní ìmọ́lẹ̀ ni.

Ọ̀nà tí ìròyìn ń tọ̀

Láti ẹsẹ̀, iṣan gbé ìròyìn gba inú ọ̀pá ẹ̀yìn dé thalamus láàárín ọpọlọ, ibẹ̀ ló ti ń lọ sí èèpo ọpọlọ. Òórùn nìkan ni kì í kọ́kọ́ yà sí thalamus.

Iṣan ò yára bákan náà. Ti ìfọwọ́kàn lè sáré ju mítà 35 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Èyí tó lọ́ra jù nínú ti ìrora kì í tó mítà 2. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ kọ òkúta á kọ́kọ́ mọ̀ pé òun kọsẹ̀, kí oró tó ń jóni tó dé. Ní 1965, àwọn olùwádìí méjì, Melzack àti Wall, ṣàlàyé pé ìròyìn ìfọwọ́kàn lè dí ìrora lọ́nà nínú ọ̀pá ẹ̀yìn. Ìdí nìyí tí ìyá fi ń fọwọ́ ra orúnkún ọmọ tó ṣubú, tí ọmọ sì ń dákẹ́.

Ata

Ní 1997, David Julius àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kalifọ́níà rí agbàròyìn tí wọ́n ń pè ní TRPV1. Ooru tó bá tó nǹkan bíi 43°C ló ń ṣí i. Capsaicin, èròjà inú ata, ń ṣí ìlẹ̀kùn kan náà. Ọbẹ̀ lè ti tutù pátápátá, ìròyìn tó dé ọdọ̀ ọpọlọ ni pé iná wà lẹ́nu. Ni òógùn bá bò wá, tí imú ń ṣomi. Ìrora ni, kì í ṣe adùn. Ẹni tó kọ́kọ́ ní ata ń ta kò ṣì í. Julius àti Ardem Patapoutian, tó ṣiṣẹ́ lórí ìfọwọ́kàn, jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 2021.

Capsaicin kì í yòrò sínú omi, ọ̀rá ló ń yòrò sí. Mílíìkì sàn ju omi lọ. TRPV1 ti ẹyẹ kì í dá capsaicin lóhùn, ìyẹn ni adìyẹ fi ń ṣa ata tí a sá sóòrùn jẹ láìwojú ẹnikẹ́ni.

Àwòrán ara nínú ọpọlọ

Ọpọlọ fúnra rẹ̀ kì í mọ ìrora. Èyí ló jẹ́ kí Wilder Penfield, oníṣẹ́ abẹ ní Montreal, lè fi iná díẹ̀ kan èèpo ọpọlọ àwọn aláìsàn tó lajú sílẹ̀, kó sì bi wọ́n ibi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n lára. Ó rí i pé ètè àti ìka gba ilẹ̀ púpọ̀ níbẹ̀, ẹ̀yìn gba díẹ̀.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Ní méjì-méjì, kí ẹnì kan di ojú. Ẹnì kejì á fi ẹnu igi ìtayín méjèèjì kàn án lẹ́ẹ̀kan náà, lórí ìka, lẹ́yìn náà lẹ́yìn ara, á sì máa sún wọn mọ́ra títí ẹni tó dijú á fi ní ẹyọ kan ni. Lórí ìka, mìlímítà mélòó kan ti tó láti mọ̀ pé méjì ni. Lẹ́yìn, ó lè gbà tó sẹ̀ǹtímítà 4. Kí wọ́n kọ iye tí rúlà fi hàn wọ́n sílẹ̀, kì í ṣe èyí tí tíṣà sọ.